Ọjọ́ Kọkànlá: Omi Náà Ti Ń Tòrò

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo fi dé etí táǹkì tuntun tá a fẹ́ máa fi wẹ omi ẹ̀gbin ìlú mọ́. Imú ni mo kọ́kọ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òórùn ẹyin òbu ló ń pàdé èèyàn níbẹ̀. Láàárọ̀ yìí, bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló ń rùn. Ọkàn mi fúyẹ́.

Ẹ̀rọ kọ́ ló fún wa ní wàhálà. A rọ omi tó mọ́ sínú táǹkì, kò jò. Pọ́ǹpù kan ń yí sẹ́yìn torí pé wọ́n so wáyà rẹ̀ ní pààrọ̀. A tún un so, ó tán. Àmọ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí inú omi ò ní bọ́tìnnì tí èèyàn lè tẹ̀. Ṣe la lọ bu ẹrẹ̀ wọn wá láti ibi ìwẹ omi mìíràn, bí ẹni lọ wá irúgbìn, tá a sì ń bọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, tí táǹkì àtijọ́ ṣì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀gbin ìlú.

Ní aago mẹ́wàá, ọ̀gá ní ká darí gbogbo omi ẹ̀gbin sínú táǹkì tuntun lónìí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀ sí i." Bí omi bá ya lu àwọn kòkòrò náà báyìí, yóò gbá wọn lọ sínú odò, àwọn ọmọdé sì ń wẹ̀ nínú odò yẹn. Ọ̀gá wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kò burú.

Mo bu omi táǹkì kún ife gíláàsì alámì tó gba lítà 1, mo jókòó tì í fún 30 ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kẹrin, ṣe ló dúdú kúrúkúrú bẹ́ẹ̀ títí. Lónìí, ẹrẹ̀ náà ń so mọ́ra bí òwú, ó ń rọra rọlẹ̀, omi orí rẹ̀ sì tòrò débi pé mo rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi láti òdìkejì ife. Nínú máíkírósíkóòpù, mo rí àwọn kòkòrò kan bí agogo kékeré lórí igi tínrín, tí wọ́n ń ká kò, tí wọ́n tún ń nà. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá tó wọn ni wọ́n máa ń wà. Mo pe gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ wá wò ó.

Ammonia, èròjà olóró kan nínú omi ẹ̀gbin, ò tíì wálẹ̀. Àwọn kòkòrò tó ń sọ ọ́ di náítíréètì kì í tètè bí sí i, pàápàá tí omi bá tutù. Mo fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi sílẹ̀ ní mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, mo sì ṣí ojú ibi tí omi ẹ̀gbin ń gbà wọlé díẹ̀ sí i. Lọ́la, aago mẹ́fà, màá tún bu lítà 1.