Bàbá London àti Àwọn Ọmọ Wilbury

Àbúrò bàbá mi tí ń gbé ní Peckham, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá London, kì í fi ọ̀rọ̀ Roy Orbison, olórin Amẹ́ríkà nì, ṣeré rárá. Nígbà tí wọ́n ra àlòkù rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Traveling Wilburys Vol. 1, tí wọ́n sì gbé e sórí ẹ̀rọ, orin àkọ́kọ́ kò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi fò dìde, tí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì dà sórí kápẹ́ẹ̀tì.

“Ohùn Roy nìyí!”

Wọ́n yẹ pálí rẹ́kọ́ọ̀dù náà wò tinú tẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọn kò rí orúkọ Roy, Lefty Wilbury ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú Nelson, Otis, Lucky àti Charlie T. Jr. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ní ọdún 1988, orin kan péré ni George Harrison, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles rí, ń wá láti fi sí ẹ̀yìn síńgù rẹ̀, ìyẹn àwo tí wọ́n fi ń ta orin kan, òun àti àwọn olórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Jeff Lynne, Tom Petty àti Roy, bá pàdé nílé Bob Dylan, olórin bíi tiwọn, ní Malibu ní Amẹ́ríkà, orin tí wọ́n kọ sì dára kọjá ohun tí à ń fi sẹ́yìn, ni wọ́n bá kúkú ṣe odidi àwo, tí àwọn márààrún sì fi orúkọ àdàpè àti àwàdà sọ ara wọn di ọbàkan, ọmọ Charles Truscott Wilbury Sr. Gbogbo àlàyé yìí wọ etí kan, ó gba èkejì jáde. Ilé olóbìnrin púpọ̀ ni a bí Bàbá London sí, ọ̀rọ̀ ọbàkan nìkan ni ó sì kù lọ́kàn wọn.

“Bàbá kan ṣoṣo ló bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì àti ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta? Ọkùnrin náà rìn o!”

Kò tán síbẹ̀. Roy kú ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, àwọn mẹ́rin tó kù sì gbé àwo kejì jáde ní 1990, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní Vol. 3. Bàbá London rí i rà, wọ́n sì fà mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà láti gba Vol. 2. Ọmọkùnrin tó ń tajà fi sùúrù sọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé.

“Bi í pé níbo ni wọ́n ti ń bí Ìdòwú lẹ́yìn Táíwò láì bí Kẹ́hìndé!”

Èmi ni ògbufọ̀. Àwọn ènìyàn ti tò sẹ́yìn wa, mo bá dá ọgbọ́n, mo ní bàbá mi ń kí i pé ó kú iṣẹ́. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí wọn. Háà! Ẹ̀rín yẹn ni ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

“Ṣé o rí i? Ó ti gbé e pamọ́.”

Wọ́n wá tún fi ìka tọ́ ẹ̀yìn Vol. 3 hàn mí, níbi tí àwọn ọmọ Wilbury ti di Spike, Boo, Muddy àti Clayton.

“Ẹni tó bá ń pààrọ̀ orúkọ káàkiri báyìí, gbèsè ló ń sá fún. Ọmọ yìí ló ń bá wọn bo àṣírí.”

Kí a tó kúrò níbẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù wọn sórí bébà, wọ́n sì ní kí n sọ fún un pé kí ó pe àwọn bí Kẹ́hìndé bá ti dé. Ìyẹn ni mo túmọ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ọmọkùnrin náà sì béèrè lọ́wọ́ mi pé ohun èlò wo ni Kẹ́hìndé ń lù nínú ẹgbẹ́ náà.