Èpé: Ọlọ́kọ̀ Tó Yí Owó Padà Lójú Omi

Àárín ọ̀sà ni ọ̀gbẹ́ni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi tí a wọ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó sọ fún èmi àti àbúrò mi pé ₦6,000 tí a kà fún un ní èbúté, owó àlọ nìkan ni, àti pé a ní láti san iye kan náà kí ó tó dá wa padà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gidigidi, nítorí pé a ti jọ dúnàádúrà létí omi pé yóò gbé wa yí ká, yóò sì dá wa padà síbi tí ó ti gbé wa. Èmi tí n kò lè lúwẹ̀ẹ́ kò sì lè máa bá ọlọ́kọ̀ jà lójú omi. Mo san án. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ níbẹ̀, kí ó sọ "àlọ àti àbọ̀" kí gbogbo èrò èbúté gbọ́, kí ó san ìdajì, kí ó sì di ìdajì yòókù mú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀.

Ìlú náà kò yẹ fún irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti gbéra, a gba ọ̀nà Mójọ̀dá. Bí a ti ń wọ Èpé ni ilẹ̀ ń ga tí ó sì ń rẹlẹ̀, tí ilé jókòó sórí òkè kéékèèké, tí ọ̀sà sì tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ wọn. Omi Ọ̀ṣun tí a mọ̀ mọ́ Òṣogbo, apá ibẹ̀ ló ti ń já sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Èpé ni Ọba Kòsọ́kọ́ wá fìdí kalẹ̀ sí lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, kò sì padà sí Èkó títí di 1862. Àwọn Ìjẹ̀bú-Èpé ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé. Ìran àwọn tó bá a wá ni à ń pè ní Èkó-Èpé, àwọn ló ń ṣe ọdún Káyókáyó ní ìrántí bíbọ̀ rẹ̀. Ká ní ọ̀gbẹ́ni náà sọ ìtàn yìí fún wa lójú omi ni, tinútinú ni n bá fi fún un ní ìlọ́po owó tó gbà.

Ọjà ẹja Olúwo ló tù mí nínú. Ìyá àgbàlagbà kan dá òbòkún kan àti ẹ̀pìyà mẹ́ta lé ₦15,000, mo ná an ní ₦9,000, ó sì gbọ́ ohùn mi.

"Ọmọ mi, ṣé Ìjẹ̀bú ni ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti wá."

Ó jẹ́ kí a mú un ní ₦11,500, ó sì bu edé ẹ̀kúnwọ́ kan lé e ní ènì. Kí n tó kúrò níwájú rẹ̀, ó ní ẹni tí yóò bá wa fọ ẹja ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, pé ₦500 ni, kí n má sì jẹ́ kí ó gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò bi í. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kí a tó fọwọ́ kan owó.

Òbòkún náà ni ìyá wa fi se ìkókorẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, òun àti edé ènì. Ẹ̀pìyà kan ti ń rọ̀ kí a tó délé, nítorí pé a kò gbé yìnyín dání; ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.