Orúkọ Mi Wà Nínú Fáìlì Kan ní Houston

Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ, níbí ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ohun tí mo ń kọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́kọ, ọ̀rọ̀ kàǹpálà àti bí owó aró ṣe ń gun òkè ni mo sábà máa ń sọ. Tòní yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni, ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ sì tún ni. Bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó ń ta ọjà láwìn fún ará Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi hàn án.

Mo ní oníbàárà kan ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ọmọ wa ni. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin la ti jọ ń ṣòwò, kò sì já mi kulẹ̀ rí: á san ìdajì kí ọjà tó gbéra, ìdajì tó kù á wọlé kí oṣù tó pé. Nínú oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, ó ní ìpàtẹ ńlá kan ń bọ̀, kí n kó ìdì 240 fún òun, yáàdì márùn-ún ní ìdì kan, dọ́là 18 ní ìdì kan. Ó ní lẹ́yìn ìpàtẹ lòun máa san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dọ́là 4,320. Mo gbà. Àwa obìnrin mẹ́fà la fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbé e jáde, à ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Aró wọ èékánná mi débi pé ó tó oṣù méjì kó tó ṣí.

Ọjà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìparí oṣù Keje. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Mo pè, kò gbé e. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ohùn náà sì ń le sí i bó ti ń lọ. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ni àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Houston ní òun gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé obìnrin yẹn ti lọ sí kóòtù, ó ti ṣe bankruptcy, ìyẹn ìwọko-gbèsè: ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká gbèsè mọ́ á ní kí kóòtù bá òun dá sí i.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún mi ní Ìtòkú. Ẹnì kan ní ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń fi irú wọn sí. Ẹnì kejì ní ìjọba Texas ló máa bá a san án, kí n lọ fọkàn balẹ̀. Ẹnì kẹta ní irọ́ pátápátá ni, ta ló máa wọko gbèsè tí á ṣì máa gbé inú ilé tó kọ́, tí á ṣì máa wa mọ́tò? Ìfẹ́ mi ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn.

Lọ́yà kan wà tó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi, ọ́fíìsì wọn wà ní Òkè-Ìléwó. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ wọ́n lọ. Mo ní àbúrò mi ti wá orúkọ obìnrin náà lórí ìkànnì ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Texas, ó ti wá a lórí ti ìjọba ìbílẹ̀ tí Houston wà, kò rí nǹkan kan, bóyá irọ́ ni. Wọ́n bi mí pé, "Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ síbẹ̀?" Wọ́n ní ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kì í gbọ́ ẹjọ́ ìwọko-gbèsè rárá. Ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn ló fún ilé aṣòfin àpapọ̀ lágbára lórí rẹ̀, òfin tí wọ́n sì ń lò lónìí, 1978 ni wọ́n ṣe é. Nílé níbí náà, òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fi ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ Federal High Court, kò fi í sábẹ́ kóòtù ìpínlẹ̀ Ògùn. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ìwé bankruptcy ti ìpínlẹ̀ báyìí, kóòtù àpapọ̀ tó jókòó sí ìpínlẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ lọ. Wọ́n pín Texas sí mẹ́rin: Àríwá, Gúúsù, Ìlà-Oòrùn, Ìwọ̀-Oòrùn. Gúúsù ni Houston wà. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ni wọ́n pín o: Maryland, ẹyọ kan ni.

Lọ́yà tún bi mí bóyá mo ṣì ń pe obìnrin náà. Mo ní mò ń pè é dáadáa. Wọ́n ní kí n dáwọ́ dúró lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n ní láti wákàtí tí onígbèsè bá ti gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀ ní kóòtù ni òfin wọn ti na ọwọ́ sí gbogbo ẹni tó jẹ lówó pé kí wọ́n dúró: wọn ò gbọ́dọ̀ pè é sin gbèsè, wọn ò gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí i, wọn ò gbọ́dọ̀ gba dúkìá rẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti gbé mì. Níbí, láyé àwọn bàbá wa, bí gbèsè bá pẹ́ jù, wọ́n á rán ológò síni. Ológò á wá jókòó sí ojúde onígbèsè, á dógò tì í, á máa pariwo, á mú adìẹ tó bá rí, títí ẹbí á fi dá owó jọ. Òdìkejì gan-an ni tiwọn lọ́hùn-ún. Mo padà sórí fóònù mi, mo gbọ́ ohùn tí mo fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, mo sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ibi tí ìwé náà wà ń jẹ́ PACER, ìkànnì tí àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń kó ìwé ẹjọ́ sí. Kò sí ẹni tí kò lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ti lọ́yà nìkan, ìforúkọsílẹ̀ ò sì gbowó. Sẹ́ǹtì 10 ni ojú ewé kan. Bó ti wù kí ìwé kan gùn tó, wọn ò ní gbà ju dọ́là 3 lọ lórí rẹ̀. Bí gbogbo ohun tí ẹ wò láàárín oṣù mẹ́ta ò bá sì ju dọ́là 30 lọ, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra ni ibi wíwá orúkọ: èsì tó bá jáde ní owó lórí lójú ewé kọ̀ọ̀kan, òpin dọ́là 3 yẹn ò sì kàn án. Ẹni tó bá lè dé kóòtù fúnra rẹ̀ lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù, kó wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí CourtListener, ìkànnì ọ̀fẹ́ mìíràn, ẹ tún lè rí èyí tí ẹlòmíràn ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìsan nǹkan kan.

Àbúrò mi forúkọ sílẹ̀. Iṣẹ́ wá délẹ̀, nítorí orúkọ Yorùbá lórí ìwé òyìnbó, ìṣòro ńlá ni. Orúkọ tí mo mọ̀ ọ́n sí ni ti ìtajà rẹ̀ lórí WhatsApp. Orúkọ ilé ọkọ rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti rí i tí wọ́n ń gbà kọ ọ́. Nígbà tí àbúrò mi fi ọ̀kan wá a, ènìyàn méje ló jáde. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba wọn ò ràn wá lọ́wọ́, òǹkà mẹ́rin tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó hàn nínú ìwé, èmi ò sì mọ tirẹ̀. Mo wá rántí ìwé ìfiránṣẹ́ ẹrù. Mo tú àpótí, mo rí i, ó ti gba omi aró ní igun kan, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ṣì hàn. Àbúrò mi ṣí ìwé àkọ́kọ́ ti ẹni kẹrin nínú àwọn méje náà. Àdírẹ́sì yẹn ló wà níbẹ̀. Ìwé yẹn sì máa ń béèrè gbogbo orúkọ mìíràn tí onígbèsè ti jẹ́ láàárín ọdún mẹ́jọ, pẹ̀lú orúkọ òwò rẹ̀. Orúkọ ìtajà orí WhatsApp náà rèé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà. Òun ni.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò síná ní Kémta. Ojú ewé 58 ló wọ orí fóònù mi, bátìrì ti ń lọ sílẹ̀, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí afẹ́fẹ́ wà, mò ń fi ìka fà á sókè díẹ̀díẹ̀. Schedule ni wọ́n ń pe àwọn àkọsílẹ̀ inú fáìlì náà; Schedule A/B ni wọ́n ń to gbogbo dúkìá sí. Mo rí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, aṣọ, iye tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́wàá owó tèmi. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó ti ta púpọ̀ nínú rẹ̀. Inú mi ru. Schedule C ló sọ ohun tí òfin ò jẹ́ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ onígbèsè, ibẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn ẹni kẹta ní Ìtòkú: ní Texas, òfin dáàbò bo ilé tí ènìyàn ń gbé láìwo iye tó tó lówó, bí ilẹ̀ rẹ̀ ò bá ti ju éékà 10 lọ nínú ìlú. Nítorí náà, ó wọko gbèsè lóòótọ́, ilé rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Mo dé Schedule E/F. Ibẹ̀ ni orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ lówó láìsí ohun ìdúró wà. Mo rí ọsibítù. Mo rí ọsibítù mìíràn. Ilé-iṣẹ́ káàdì méjì. Ọsibítù kẹta. Lẹ́yìn náà ni mo rí orúkọ mi, lẹ́tà kan ti fò nínú rẹ̀: "Itoku Market, Abeokuta, Nigeria." Ìyẹn nìkan ni àdírẹ́sì tó kọ, abájọ tí lẹ́tà kóòtù ò fi dé ọ̀dọ̀ mi. Àmọ́ iye owó pé: dọ́là 4,320. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbèsè kọ̀ọ̀kan ni àpótí kékeré kan wà tí onígbèsè lè fi àmì sí bó bá fẹ́ sọ pé òun ń jiyàn gbèsè náà. Kò fi àmì síbẹ̀. Ó jẹ́wọ́ mi níwájú kóòtù.

Ìwé náà tún ń béèrè ìgbà tí wọ́n jẹ gbèsè kọ̀ọ̀kan. Tèmi, oṣù Kẹfà. Ti àwọn ọsibítù, oṣù Kẹjọ ló bẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ wọn sì ju ìlọ́po mẹ́wàá tèmi lọ. Mo ka déètì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo bí ọkàn mi ṣe ń sọ fún mi pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ kó mi lọ́jà kó tó sá wọ kóòtù, déètì méjì yẹn ló tú u ká. Nígbà tó ń bẹ mi níṣẹ́, àìsàn ò tíì wọlé.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú lásán o. Lọ́yà ti sọ fún mi pé bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó bá gbà pé ẹ̀tàn ni wọ́n fi gba ọjà lọ́wọ́ òun, ó lè pe ẹjọ́ kí kóòtù má ṣe dá gbèsè yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pè é láàárín ọjọ́ 60 lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá fún ìpàdé pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jẹ lówó. Ọjọ́ 23 ló kù fún mi. Wọ́n tún bi mí ọjọ́ tí ọjà dé, torí ọjà tó bá dé ọwọ́ onígbèsè nínú ọjọ́ 20 tó ṣáájú ọjọ́ tó wọ kóòtù máa ń ní ipò tó ga ju gbèsè lásán lọ. Tèmi ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀. Mo rò ó, n ò pe ẹjọ́ kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Orí tó wà nínú òfin wọn, chapter, ni wọ́n fi ń pe irú ìwọko-gbèsè kọ̀ọ̀kan. Tirẹ̀, Chapter 7 ni: wọ́n á ta ohun tó bá ṣeé tà, wọ́n á pín in, ìyókù á di ìdásílẹ̀. Bó bá jẹ́ Chapter 13, á máa san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Chapter 11 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sábà máa ń lò láti tún ara wọn tò. Lẹ́tà tí kóòtù fi ránṣẹ́ tí kò dé ọ̀dọ̀ mi sọ pé ó jọ pé kò sí ohun tí wọ́n máa rí pín, kí ẹnikẹ́ni má tíì kọ ìwé béèrè owó títí wọ́n á fi sọ. Trustee, ẹni tí wọ́n yàn láti yẹ dúkìá rẹ̀ wò, padà kọ ọ́ pé òun wá, kò sí nǹkan kan láti pín. Bí ẹ bá wá rí "discharged" lórí ìwé, wọ́n ti dá a sílẹ̀ nínú gbèsè nìyẹn. "Dismissed" yàtọ̀ pátápátá: wọ́n da ẹjọ́ náà nù láìdá a sílẹ̀, gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Closed" kàn ń sọ pé wọ́n ti pa fáìlì dé ni. Àbúrò mi rí "closed" lórí ẹjọ́ ẹlòmíràn, ó ní ó ti parí gbèsè. Mo ní kó lọ wo ìlà tó ṣáájú rẹ̀.

Nínú oṣù Kejì ni wọ́n dá oníbàárà mi sílẹ̀. Mo ka ìwé náà. Ó wà lára rẹ̀ pé onígbèsè lè fínnúfíndọ̀ san gbèsè tí wọ́n ti dá sílẹ̀ bó bá wù ú. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, kò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́, èmi náà ò sì lè béèrè. Ní báyìí, mo máa ń ní kí àbúrò mi wo orúkọ lórí PACER kí n tó ta àwìn fún ará Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ pé ọdún mélòó la ti jọ ń bọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́.

Lánàá, ìyá tó ń ta kàǹpálà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá bá mi. Àwọn náà ní ẹnì kan ní Atlanta tó ti dákẹ́ láti ọdún tó kọjá. Mo ní ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín Georgia sí, Àríwá ni Atlanta wà. Mo bi wọ́n pé orúkọ wo ni wọ́n mọ ẹni náà sí. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì ni mo ń pè é." Mo ní ìwé ìfiránṣẹ́ ẹrù tó kẹ́yìn ńkọ́? Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní ó ní láti wà nínú àpò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ọ̀la làwọn máa mú un wá.