Nọ́ńbà 5 tó kó mi sí wàhálà

Inú látọ́ọ̀pù mi ni fáìlì gbogbo oníbàárà wà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa ní Bódìjà. Orí Wi-Fi ni kọ̀ǹpútà méjì yòókù ti ń wá a. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ tó sì dé, wọn ò ní rí i mọ́. Èmi á máa bú Windows, ọmọ iṣẹ́ mi á máa bú ráútà.

Ọmọ iṣẹ́ ló jàre díẹ̀. Ráútà ló ń pín àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń rí ara wọn, bí wọ́n ṣe ń pín tálì ní ọsibítù. Kí iná tó dé tán, fóònù oníbàárà kan ti gba tálì mi.

Mo ní kò burú, màá fọwọ́ ara mi yan tèmi. Mo tẹ ncpa.cpl sínú Run, mo ṣí Properties Wi-Fi, mo yan Internet Protocol Version 4, mo kọ 192.168.1.5 síbẹ̀. Subnet mask jẹ́ 255.255.255.0, gateway, ẹnu ọ̀nà sí íntánẹ́ẹ̀tì, sì ni ráútà fúnra rẹ̀, 192.168.1.1. Mo fo DNS. Àwọn kọ̀ǹpútà yòókù rí mi lójú ẹsẹ̀, àmọ́ Gmail kọ̀, kò ṣí. Àṣé DNS ló ń sọ orúkọ bíi google.com di nọ́ńbà tí ẹ̀rọ lè wá lọ. Mo fi 8.8.8.8 ti Google sí i, mo ní ó ti parí.

Kò parí o! Ní ọjọ́ kẹta, mo tan látọ́ọ̀pù láàárọ̀, ó ní ẹlòmíràn ń lo àdírẹ́sì mi. Fóònù àbúrò mi ni. Mi ò sọ fún ráútà pé mo ti mú nọ́ńbà 5, ó sì pín in. Ìgbà tí mo wọ ojú ewé ráútà ni mo rí i níbi DHCP, ìyẹn ibi tó ti ń pín àdírẹ́sì, pé láti 2 dé 100 ló ń pín. Ibẹ̀ ló yẹ kí n kọ́kọ́ wò. Mo kó lọ sí 200.

Nígbà tí mo gbé e délé, MiFi mi ń lo 192.168.8.1, kò bá 192.168.1.200 tan rárá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń yí i padà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ohun tí mo wá ṣe nìyí, òun náà ni màá sì sọ fún yín kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: mo dá látọ́ọ̀pù padà sí Obtain an IP address automatically. Mo tẹ ipconfig /all sínú Command Prompt, mo da Physical Address Wi-Fi kọ, ìyẹn nọ́ńbà tí ráútà fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, mo lọ sí Address Reservation lórí ráútà, níbi tí wọ́n ti ń fi àdírẹ́sì kan pamọ́ fún ẹ̀rọ kan, mo so ó mọ́ 192.168.1.200. Ẹ rí i pé Random hardware addresses wà ní Off nínú Settings Wi-Fi látọ́ọ̀pù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ráútà ò ní dá a mọ̀.

Ẹnì kan ti fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, ó ní àfi kí n ra static IP, àdírẹ́sì tí kì í yí padà, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ará ìta fẹ́ máa wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn ló nílò ìyẹn. Íǹkì ni mo fi owó yẹn rà.