Orúkọ ara ẹ̀ gan-an ló kọ sábẹ́ lẹ́tà náà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìròyìn, ìbéèrè kan náà lẹ̀ ń dà bò mí láti oṣù tó kọjá: báwo lèèyàn ṣe ń ṣe ìwádìí abẹ́lẹ̀ tí wọn ò fi ní dá a mọ̀? Ẹ jẹ́ n fi fíìmù kan dá yín lóhùn, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn fíìmù ju ọ̀rọ̀ àgbà lọ.

BlacKkKlansman ni wọ́n ń pè é. Spike Lee ló darí ẹ̀, ó jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2018, ó sì gba Oscar tí wọ́n ń fún àwọn tó sọ ìwé di eré. Ìtàn Ron Stallworth ni, ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú ní Colorado Springs ní Amẹ́ríkà, tó wọ inú ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, àwọn òyìnbó tó kórìíra èèyàn dúdú bí ẹni kórìíra ikú. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, tí Lee gbé àwòrán ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Charlottesville lọ́dún 2017 síwájú yín, nílùú Amẹ́ríkà tí irú àwọn òyìnbó bẹ́ẹ̀ ti wọ́de, tí ọ̀kan nínú wọn sì fi mọ́tò pa èèyàn, ẹ̀rín á pòórá lẹ́nu yín. Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò kì í ṣe ibi tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́ sí.

Lọ́dún 1978, Stallworth ń ka ìwé ìròyìn ìlú wọn, ó rí ìpolówó kékeré kan tí Klan fi ń wá ọmọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́. Nínú fíìmù, fóònù ló gbé. Nínú ayé gidi, lẹ́tà ló kọ. Ó sọ ara ẹ̀ di òyìnbó tí èèyàn dúdú ń rùn sí, ó wá kọ orúkọ ara ẹ̀ gan-an sábẹ́ ẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ abẹ́lẹ̀ rí o! Ó rò pé ìwé pélébé ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sóun. Àfi bí fóònù ṣe dún lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí olórí wọn nílùú náà ní òun fẹ́ rí i lójúkojú.

Ó di dandan kí wọ́n wá òyìnbó. Ọlọ́pàá kan tí Stallworth pè ní Chuck nínú ìwé ẹ̀ ló ń lọ sípàdé, Stallworth fúnra ẹ̀ ń dá wọn lóhùn lórí fóònù. Èèyàn méjì, orúkọ kan. Lọ́jọ́ kan, olórí yẹn ní ohùn ẹ̀ ò jọ ti tẹ́lẹ̀. Stallworth wúkọ́, ó ní imú ló dí òun. Ọkùnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í júwe oògùn tó lè lò fún un! Kódà David Duke, ọ̀gá wọn pátápátá nígbà yẹn, ń fọ́nnu fún un lórí fóònù pé òun máa ń dá èèyàn dúdú mọ̀ látinú bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀.

Ẹ má fi Duke ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dá èmi náà mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ohùn ló sì tú mi fó. Ọdún 2009 ni, l'Ékòó, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ayédèrú oògùn. Mo ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo fẹ́ ra ọjà lọ sílé. Mo ti há orúkọ àdúgbò sórí, mo ti mọ iye ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde. Mo wọlé, mo ní, "Ẹ kú isẹ́ o." Ọ̀gbẹ́ni náà ò tiẹ̀ gbójú kúrò lórí owó tó ń kà. Ó ní, "Ọmọ Ìbàdàn, ta ló rán ẹ?"

Ó tán. Kò nà mí, ó kàn fi ẹnu júwe ilẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbà kí ẹnikẹ́ni nínú yín dá jáde. Bí mo bá ti ní Chuck tèmi, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló máa ti sọ fún mi pé mi ò lè pe "ṣ".

Lee fi bọ́ǹbù kún ìtàn yìí, ó fi ọmọge tí Stallworth ń fẹ́ kún un, ó sọ òyìnbó yẹn di Júù, ó sì fa gbogbo ẹ̀ padà sí nǹkan bí ọdún 1972. Eré ló ń ṣe, ó láṣẹ; ẹ̀yin ò láṣẹ. Torí iṣẹ́ gidi yẹn ò lárìwo ni. Fóònù ni, ìwé kíkọ ni, fún oṣù mélòó kan. Wọn ò mú ẹnì kankan. Wọ́n dí àwọn tó fẹ́ sun àgbélébùú lọ́wọ́, ìyẹn ohun tí Klan fi ń dẹ́rù ba èèyàn dúdú, wọ́n sì rí i pé àwọn sójà wà nínú ẹgbẹ́ náà, tó fi mọ́ àwọn méjì tó wà ní NORAD, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ojú ọ̀run Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé wọn kúrò níbẹ̀. Mo mọ ẹni tó máa sọ nínú yín pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìròyìn wo ló wà nínú ìyẹn?"

Ìwé ló wà nínú ẹ̀. Nígbà tí káàdì ọmọ ẹgbẹ́ pẹ́ kó tó dé, Stallworth pe oríléeṣẹ́ wọn ní Louisiana, Duke fúnra ẹ̀ ló gbé e, ó sì fọwọ́ sí káàdì náà. Ní January 1979 tí Duke wá sílùú, Stallworth kan náà ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣe é léṣe. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò. Fọ́tò yẹn ti sọnù. Káàdì wà. Nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá ní kí wọ́n pa fáìlì run, Stallworth kó díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ sílé, ó pa ẹnu mọ́ títí di 2006, ó sì gbé ìwé jáde ní 2014. Mi ò ní kẹ́ ẹ jí fáìlì ọ́fíìsì o. Mo ní kẹ́ ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i.

Ohun kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ kíyè sí. Kí Stallworth tó débi Klan rárá, ibi tí wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ fún iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ni ibi tí Stokely Carmichael, ajàfẹ́tọ̀ọ́ èèyàn dúdú tó wá ń jẹ́ Kwame Ture, ti ń bá àwọn èèyàn dúdú sọ̀rọ̀. Boots Riley, tí òun náà ń ṣe fíìmù, bínú sí eré yìí gidigidi lọ́dún 2018 nítorí bó ṣe sọ ọlọ́pàá di akọni. Mi ò gbà gbogbo ohun tó sọ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ránni níṣẹ́ abẹ́lẹ̀, àti ìdí tó fi ń ránni, ò kúrò lọ́kàn mi, torí pé mi ò dáhùn nígbà tí ọ̀gbẹ́ni olóògùn yẹn bi mí pé ta ló rán mi. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ pé ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá fún iléeṣẹ́ wa, ayédèrú oògùn lòun náà ń tà, lójúlé kejì.