Igi páìnì Tohaku tún ti jáde ní Ueno

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ọdún tuntun bá ti wọlé báyìí, mùsíọ́mù àgbà tó wà ní Ueno nílùú Tokyo máa ń gbé àwòrán igi páìnì tí Hasegawa Tohaku yà síta. Kì í pẹ́ níta. Bí ọ̀sẹ̀ méjì péré, wọ́n á ti gbé e wọlé, ó di ọdún mìíràn. Ìdí nìyẹn tí òtútù àárọ̀ òní kò fi dá mi dúró. Mo wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, mo sì ní kí àbúrò mi tó ń kàwé ní Tsukuba wá bá mi lẹ́nu géètì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò tíì rí i rí. Byobu ni wọ́n ń pe irú ohun tí àwòrán náà wà lára rẹ̀. Bébà ni, tí wọ́n nà mọ́ férémù igi, abala mẹ́fà tí wọ́n so kọ́ra wọn kí ó lè ká bí wọ́n bá fẹ́ gbé e pamọ́, kí ó sì lè dá dúró bí wọ́n bá tẹ́ ẹ síta. Láyé àtijọ́, òun ni wọ́n fi ń pín yàrá ńlá sí méjì, òun náà ni wọ́n fi ń dí afẹ́fẹ́. Méjì ni ti Tohaku yìí, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju mítà kan àbọ̀ lọ, ó sì fẹ̀ ju mítà mẹ́ta àbọ̀. Yíǹkì dúdú nìkan ló fi yà á. Kò sí wúrà níbẹ̀, kò sí ẹyẹ, kò sí ọmọ ènìyàn. Igi páìnì ni, pẹ̀lú kùrukùru, àti òkè kan tí yìnyín bò, tó yọjú fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Kùrukùru ọ̀hún gan-an, bébà lásán ni, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé.

Yàrá kejì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé e sí, yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ohun tí ìjọba ti sọ di Ìṣúra Orílẹ̀-èdè. Iná ibẹ̀ kò mọ́lẹ̀ rárá. Mo kọ́kọ́ sún mọ́ gíláàsì títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Láti ibẹ̀, ẹ ò ní rí igi kankan. Ìlà yíǹkì ni ẹ ó máa rí, èyí tó nípọn, èyí tó gbẹ, tí wọ́n ń já láti òkè wá sílẹ̀, tí òmíràn là yẹ́lẹyẹ̀lẹ lẹ́nu nítorí pé omi ti tán lára búrọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ ẹni tí ara ń ta ni. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Nígbà tí mo fi máa dé ibi àga tí wọ́n gbé sí àárín yàrá, igi ti dìde níbi tí ìlà wà tẹ́lẹ̀. Mo rí ewé, mo rí bí afẹ́fẹ́ ṣe tẹ àwọn kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo rí àwọn tó ti ń wọ inú kùrukùru lọ. Mo tún padà lọ síwájú, mo tún fẹ̀yìn rìn. Àwọn àgbàlagbà méjì kan ń ṣe bákan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a sì ń yà fún ara wa láìsọ̀rọ̀.

Ọdún 1539 ni wọ́n bí Tohaku ní Nanao, ní ilẹ̀ Noto tó yọ gọngọ sínú Òkun Jàpáànù. Àwòrán ẹ̀sìn Búdà ló ń yà nílé kó tó kó lọ sí Kyoto, nígbà tó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Ìdílé ayàwòrán Kano ló di iṣẹ́ àwọn ọlọ́lá mú nígbà náà, àlejò láti Noto kò lè kàn wọlé bẹ́ẹ̀. Ó forí tì í títí orúkọ rẹ̀ fi dé etí Toyotomi Hideyoshi, alágbára ìgbà náà. Nígbà tí ọmọ Hideyoshi kú ní kékeré, Tohaku àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n pè wá ya àwòrán sí tẹ́ńpìlì tí wọ́n kọ́ fún ìrántí ọmọ náà. Kyuzo, ọmọ Tohaku, wà lára wọn. Òun ló ya igi ṣẹ́rì tó tanná funfun, bàbá rẹ̀ sì ya igi maple lórí wúrà. Iṣẹ́ méjèèjì ṣì wà ní tẹ́ńpìlì Chishakuin ní Kyoto títí dòní.

Ní ọdún 1593, Kyuzo kú. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Tohaku ya igi páìnì wọ̀nyí, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ló yẹ kó sin òbí. Àwọn kan tún ń sọ pé ibi tí wọ́n ti so bébà náà pọ̀ kò bára mu dáadáa, pé ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀ lásán ni fún nǹkan mìíràn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan rí i nílẹ̀ ìgbà náà, ó sì mọ̀ pé kò yẹ kí ó sọ nù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Àbúrò mi ló wá bi mí ní ìbéèrè tó gba gbogbo ọjọ́ wa. “Àǹtí mi, ọ̀sẹ̀ méjì péré? Ta ni wọ́n ń fi í pamọ́ fún?”

Mo ní, “Fún ọmọ rẹ, fún ọmọ ọmọ rẹ.”

“Àwọn tó bá wá láti òkèèrè lóṣù Agẹmọ wá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó san owó bàálù!”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nítumọ̀. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ bébà àti sẹ́dà, díẹ̀díẹ̀, ojoojúmọ́, ohun tó bá sì ti jẹ kì í padà. Òfin tí ìjọba Jàpáànù fi lélẹ̀ fún irú ohun báyìí ni pé kò gbọdọ̀ jáde ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún, kí gbogbo ọjọ́ tó lò níta má sì ju 60 lọ. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń tètè ṣí, 30 ọjọ́ ni tirẹ̀. Iná tí wọ́n tàn sí i kò gbọdọ̀ ju lux 150 lọ (lux ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀), ìdí nìyí tí yàrá yẹn fi ṣú bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi irin tàbí òkúta ṣe ní ààyè tó ju èyí lọ. Mo mú àbúrò mi lọ sí ilé kan nínú ọgbà náà tí wọ́n kó àwọn ìṣúra tẹ́ńpìlì Horyuji sí, ó sì rí àwọn ère Búdà kéékèèké tí wọ́n fi idẹ ṣe tí wọ́n sì fi wúrà bò, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gíláàsì tirẹ̀, nínú òkùnkùn. Lọ́dún 1878 ni tẹ́ńpìlì náà kó ohun tó lé ní 300 fún ìdílé ọba, nígbà tí nǹkan ṣòro fún àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ìdílé ọba sì fún wọn ní yen 10,000 tí wọ́n fi tún ilé wọn ṣe. Àwọn ère yẹn lè dúró kí àlejò oṣù Agẹmọ bá wọn. Bébà ni kò lè dúró.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ yìí kan náà ni nǹkan burúkú kan ṣẹlẹ̀ ní Horyuji tí mo lọ́rúkọ yìí, ní Nara. Ní ọjọ́ 26, ọdún 1949, iná jó gbọ̀ngàn Kondo, ọ̀kan lára àwọn ilé onígi tó pẹ́ jù lọ láyé. Àwòrán tó wà lára ògiri ibẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan. Ohun tó ká mi lára ni pé ìgbà tí àwọn ayàwòrán ń da wọ́n kọ lọ́wọ́, kí àpẹẹrẹ wọn lè wà nílẹ̀ bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ni iná náà ṣẹ́. Àwọ̀ jóná, ìlà díẹ̀ ló kù lára ògiri. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 1950, ni wọ́n ṣe òfin ńlá tó ń dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé títí dòní. Òfin yẹn kò mọ sórí ohun tí a lè fọwọ́ kàn. Láti 1955 ni wọ́n ti ń fi í dá àwọn ènìyàn tó ní iṣẹ́ ọwọ́ mọ̀, àwọn ahunṣọ, àwọn amọ̀kòkò, àwọn aṣe-bébà. Wọ́n ń pè wọ́n ní ìṣúra alààyè, ìjọba sì ń fún wọn lówó kí wọ́n lè kọ́ ẹlòmíràn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀sẹ̀ méjì kéré, kó gbọ́ ti Shosoin. Ilé ìpamọ́ onígi ni, ní Nara. Lọ́dún 756, nígbà tí ọba Shomu wàjà, olorì Komyo kó àwọn ohun tí ọba ń lò fún Búdà ńlá tẹ́ńpìlì Todaiji. Ibẹ̀ ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ dí ilẹ̀kùn. Nǹkan bí 9,000 ohun ni wọ́n kà mọ́ ìṣúra Shosoin. Láti ọdún 1946 ni mùsíọ́mù Nara ti ń ṣe àfihàn wọn nígbà ìwọ́wé, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkan bí 60 lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ẹ bá rí lọ́dún yìí lè máà tún jáde títí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí yóò fi lọ sílé ìwé.

Mo ṣe oríire lọ́dún 2019, nígbà tí ọba tuntun gorí ìtẹ́, tí wọ́n kó díẹ̀ lára wọn wá sí Ueno níbí. Biwa olókùn márùn-ún, ohun èlò orin tó jọ gìtá, wà níbẹ̀, irú rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láti ayé ìgbà yẹn. Wọ́n fi ìkarahun dídán ya ènìyàn kan sí i lójú, ó jókòó lórí ràkúnmí, ó ń lu biwa tirẹ̀. Ràkúnmí, ní Nara! Ọ̀nà àwọn oníṣòwò tó gba aṣálẹ̀ kọjá ló gbé àwòrán yẹn dé erékùṣù. A tò, ẹsẹ̀ ro mí, ṣùgbọ́n mo ṣì lè fojú inú rí imú ràkúnmí náà bí mo ṣe ń kọ èyí.

Èyí tó wù mí jù ni ti àwọn tó ń tún nǹkan ṣe. Mo ti rí àfihàn kékeré tí mùsíọ́mù Ueno ṣe nípa iṣẹ́ wọn, mo sì rò ó fún àbúrò mi bí a ṣe ń jẹ udon, irú núdù kan. Àtè kan wà tí wọ́n fi ń lẹ bébà sẹ́yìn àwòrán àfikọ́. Ìgbà òtútù tó le jù, bí ìsinsìnyí, ni wọ́n máa ń se sítáàṣì àlìkámà, wọ́n á dà á sínú ìkòkò, wọ́n á gbé e síbi tó tutù fún bí ọdún mẹ́wàá. Yóò máa bu lójú, agbára rẹ̀ yóò máa dín kù. Àtè tí kò lágbára yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Kì í jẹ́ kí àwòrán gan bí wọ́n bá ń ká a, àti pé lọ́jọ́ iwájú, ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe yóò kàn fi omi tú u láìfa nǹkan ya. Ẹni tó se àtè náà mọ̀ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn òun.

Nígbà kan, mo bá abọ́ tíì kan tí wọ́n ń pè ní Bakohan pàdé nínú mùsíọ́mù yìí kan náà. China ni wọ́n ti mọ ọ́n ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méje sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé tútù. Ìtàn sọ pé ó dé ọwọ́ Ashikaga Yoshimasa, olórí àwọn jagunjagun, ó sì là. Yoshimasa dá a padà sí China pé kí wọ́n fún òun ní irú rẹ̀. Wọ́n ní irú rẹ̀ kò sí mọ́. Wọ́n fi irin kéékèèké kan ibi tó là, wọ́n sì fi ránṣẹ́ padà. Igbá tó fọ́ níí gba kasẹ létí, irin yẹn sì jókòó lára abọ́ náà gẹ́lẹ́ bí kasẹ, ní gbangba, wọn ò fi pamọ́. Àwọn ará Jàpáànù wá fẹ́ràn rẹ̀ ju ìgbà tó ṣì dá ṣáká lọ.

Nígbà tí a padà wọlé, a sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá àwọn ohun tí wọ́n fi urushi kùn. Oje igi ni urushi. Igi kan gbọ́dọ̀ dàgbà tó ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó mú nǹkan bí gíráàmù 200 wá. Inú ọ̀rinrin ló ti ń le, kì í ṣe inú oòrùn, nítorí náà àpótí tó lómi lára ni wọ́n ń gbé e sí kó lè gbẹ. Mo sọ fún àbúrò mi pé Wajima, ìlú tí òkìkí urushi rẹ̀ kàn jù, Noto ló wà, ilẹ̀ Tohaku. Ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2024 wó ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀, iná sì jó ọjà òwúrọ̀ wọn. Àwọn oníṣẹ́ urushi pàdánù ilé, irinṣẹ́, ìbátan. Àwọn kan ti padà sídìí iṣẹ́. Mo ra ohun ìjẹun kan tí wọ́n kùn ní Wajima, mo sì rọ gbogbo ẹni tó bá lè rà kó rà, nítorí owó ọjà ni yóò gbé ìdí iṣẹ́ yẹn dúró.

Fún ẹni tó bá ń bọ̀ ní Ueno: tíkẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà jẹ́ yen 1,000, wọ́n sì sábà máa ń tì ní ọjọ́ Ajé. Ẹ wo ojú ìwé mùsíọ́mù náà kí ẹ tó jáde, wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò jáde àti ọjọ́ tí yóò wọlé. Àbúrò mi tí ń bá mi jà lórí ọ̀sẹ̀ méjì láàárọ̀ ti fi ìpè sórí fóònù rẹ̀ báyìí fún ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì Shosoin. Ó ní èmi ni màá san owó rélùwéè, mo sì ti gbà.