Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo

Òru ọjọ́ kan ni, nínú oṣù kẹfà ọdún 2017, ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń ta omi lẹ́yìn ilé wa, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ọkùnrin kan tó fi báàgì kọ́ èjìká, mo sì figbe ta: "Badoo! Badoo rè é o!" Kí n tó ró ìró tán, àwọn ọkùnrin àdúgbò ti yí i ká. Táyà ti dé ilẹ̀. Ẹnì kan ti ń pariwo pé kí wọ́n fa epo jáde nínú jẹnẹrétọ̀.

Mo fẹ́ sọ ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní òru yẹn àti ní oṣù tó tẹ̀ lé e, torí mo ń rí i pé ohun tó ṣe mí nígbà náà ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, lórí fóònù wọn.

Ẹni tí kò gbé Ìkòròdú nígbà náà kò lè mọ bí ẹ̀rù ọ̀hún ṣe rí. Láti 2016 wọ 2017, àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé onílé lóru. Ọmọ ọlọ ni wọ́n fi ń fọ́ orí ẹni tó ń sùn, wọn a sì fi áńkáṣíìfù nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Bàbá, ìyá, ọmọ ọwọ́, wọn kì í yàn. Wọ́n ṣe é ní Ìbẹ́ṣẹ́, wọ́n ṣe é ní Odógunyán, ó dé Ògìjo lápá Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kì í ṣe àhesọ. Òkú wà, sàréè wà. Nílé wa, Màmá fi ìró wọn di ọmọ ọlọ tiwa, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ẹnikẹ́ni má baà rí i fi pa wá. Bó jẹ́ ata méjì péré la fẹ́ lọ̀, ẹ̀rọ là ń gbé e lọ. Àwọn ọkùnrin ń ṣọ́ òde, àwa obìnrin àti ọmọdé ń sùn mọ́ra nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ní irin lójú fèrèsé.

Télọ̀ ni mí. Rédíò kì í kú ní ṣọ́ọ̀bù mi. Lásìkò yẹn, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti ń tan án, tí n ó máa retí ibi tí wọ́n tún ti ṣọṣẹ́. Bí wọ́n bá pa ìdílé kan, rédíò á sọ ọ́ láàárọ̀, á tún un sọ lọ́sàn-án, ìwé ìròyìn á gbé e síwájú ní lẹ́tà gàdàgbà, fọ́tò á wọ fóònù, awakọ̀ dánfó á sọ ọ́ láti Sábó dé ibi tí èrò ti ń sọ̀, oníbàárà á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, á ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé ojú rẹ̀ ló ṣe. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni o. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ọkàn mi sì ti ka mẹ́wàá. Kò sí rédíò tó máa sọ láàárọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sùn ní Ìkòròdú lánàá, wọ́n sì jí. Ta ni yóò dúró gbọ́ ìyẹn?

Bí ojú mi ṣe di ojú tí kò lè rí ẹni tó gbé báàgì lóru kó má rí apànìyàn nìyẹn.

Bàbá Alága, alága àwọn onílé àdúgbò wa, ló gba ọmọ náà sílẹ̀. Wọn kì í ṣe alágbára, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n lọ dúró sáàárín òun àti táyà, wọ́n ní, "Ó ní ilé búrẹ́dì lòun ti ń bọ̀. Ẹ pe ọ̀gá rẹ̀. Bó bá parọ́, ṣebí ó ṣì wà lọ́wọ́ wa." Wọ́n tú àpò rẹ̀, wọ́n bá áńkáṣíìfù funfun, ariwo tún sọ. Lójú tèmi náà, ẹ̀rí ti dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ áńkáṣíìfù wà lápò gbogbo ọkùnrin tó dúró níbẹ̀. Ọmọ yìí ń fi tirẹ̀ bo imú nítorí ìyẹ̀fun. Ìgbà keje tí wọ́n pe ọ̀gá rẹ̀ ni ó tó gbé e, ó sì gun ọ̀kadà wá fúnra rẹ̀. Nígbà tí iná tọ́ọ̀ṣì kan ọwọ́ ọmọ náà, ìyẹ̀fun wà ní gbogbo èékánná rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i létí.

Kò pé oṣù kan sí i, nínú oṣù keje, wọ́n dá ọkọ̀ aláwàdà kan dúró ní Ìkòròdú yìí kan náà. Òde eré ló ti ń bọ̀ lóru. Wọ́n ní Badoo ni òun àti àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n lù wọ́n, wọ́n dáná sun wọ́n. Wọn kì í ṣe Badoo. Mo gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo pa ẹ̀rọ, mi ò lè rán aṣọ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ohùn tí ẹnì kan fi kọ́kọ́ pariwo lé wọn lórí ni mo ń gbọ́, tèmi ni mo sì ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan ilé mi gan-an nìyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni Màmá ti ń sọ pé orí ń fọ́ wọn, pé òòyì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde. A ní àìsùn ni, nítorí Badoo. Mo ra parasitamọ́ọ̀, mo ra àgbo. Nígbà tí mo rí owó kó jọ, wẹ́dà ni mo kó 85,000 náírà fún kó fi irin sí gbogbo fèrèsé wa. Nọ́ọ̀sì kan ń jókòó sí oríta wa, 200 náírà ló fi ń wọn bíípí fún ènìyàn. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ kẹrin tí wẹ́dà parí iṣẹ́, Màmá ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀, ife bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹnu ti wọ́. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́. Nílé ìwòsàn, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló di rọpárọsẹ̀, pé bíípí wọn jẹ́ 210 lórí 120, ó sì ti pẹ́ lára wọn. Ó bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn. Mi ò ní èsì. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé wa, ohun tó fẹ́ pa ìyá mi ti wà nínú yàrá látọjọ́ pípẹ́.

Ohun tó tún dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni èyí tí mo rántí lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Èkó, fóònù mi dún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ó ní ká fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún kí oòrùn tó yọ, òun ni ìwòsàn. Mo jí gbogbo ilé. Èmi ni mo po iyọ̀ náà. Mo bu ife kan fún Màmá, wọ́n ní ó ti korò jù, mo ní kí wọ́n fara dà á. Ìyá ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni mo ń fún níyọ̀ mu, mi ò mọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìwé ìròyìn gbé e pé iyọ̀ yẹn ti pa ẹni méjì, ó sì ti sọ àwọn mìíràn dèrò ilé ìwòsàn. Ẹ wá wo Ebola fúnra rẹ̀: ẹni tó gbé e wọ̀lú dé ní ọjọ́ 20 oṣù keje, Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kó jáde nílé ìwòsàn wọn, àrùn náà sì pa dókítà yẹn. Ènìyàn 20 ló mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé kò sí i ní Nàìjíríà mọ́. Àwọn tó ṣọ́ra bó ti yẹ ló gbà wá, kì í ṣe iyọ̀ tí mo pò.

Ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé ní LASUSTECH, ní ìlú wa níbí, ló là mí lóye lórí ìdí tí ọkàn fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní láti 1973 ni àwọn onímọ̀ méjì, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tó bá tètè wá sí wa lọ́kàn ni a máa ń rò pé ó wọ́pọ̀. Lẹ́yìn wọn ni Paul Slovic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tó ń pa ènìyàn jù. Nínú 100, bí 80 ló ní jàǹbá ń pa ènìyàn ju rọpárọsẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, rọpárọsẹ̀ nìkan ń pa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ìlọ́po méjì gbogbo jàǹbá tí a bá kó pọ̀. Mo ní kó tún un sọ. Rọpárọsẹ̀. Kì í ṣe àwa tí a kò kàwé nìkan nìyẹn, kì í sì ṣe Ìkòròdú nìkan.

Mi ò bá oníròyìn jà. Bí wọn kò bá ké ròyìn Badoo, bóyá ìjọba ì bá má tètè fi ọlọ́pàá ránṣẹ́ tó bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ ohun tó ṣàjèjì, ohun tó ṣàjèjì la sì ń sanwó gbọ́. Ẹ̀bi tèmi ni pé mo gba ìròyìn bí ẹni pé òun ló ń sọ iye ìgbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀, mo sì fi owó ilé àti oorun ilé tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé, tí mo sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń kà á pé kí ẹ gbìyànjú. Bí mo bá gbọ́ ìròyìn ẹ̀rù, mo máa ń bi í ní ìbéèrè bí ẹni ń bi ọmọ tó ti òde dé: níbo, lọ́jọ́ wo, ta ló rí i, ẹni mélòó nínú ẹni mélòó? Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí kò dárúkọ òpópónà, tí kò dá ọjọ́, tó kàn ń ní "ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn", ọ̀dọ̀ mi ló ń kú sí. Lọ́dún tó kọjá, irú rẹ̀ kan wọlé pé wọ́n ti kó àwọn ọmọ nílé ìwé kan nítòsí wa. Àwọn ìyá ti ń sáré lójú títì, ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ẹnì kan nínú wọn. Mo pe tíṣà ọmọ mi. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ ni.

Àlejò tí ẹ bá fura sí, ẹ pe ẹni tó ní òun mọ̀ ọ́n. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀keje. Bí kò bá gbé e, ẹ fa ẹni náà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láàyè. Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ, pé ọlọ́pàá á tú u sílẹ̀. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ ṣeé wá, ẹni tí wọ́n sun kò ṣeé jí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú ilé. Jẹnẹrétọ̀ tó wà ní kọ́rídọ̀ nítorí olè, ẹ gbé e síta, kí ẹ fi ṣéènì dè é. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn, kò sì ní òórùn tí yóò jí ẹni tó ń sùn. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ: nínú ènìyàn 100 tí ibà pa káàkiri ayé ní 2022, bí 31 ló jẹ́ ti Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì ń pa jù. Mi ò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni sun táyà lóru nítorí ẹ̀fọn. Bí ẹ bá ń wọkọ̀ ojú omi ní Ìpákòdò, ẹ de okùn jákẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa, ẹ má kàn gbé e lé ẹsẹ̀.

Bíípí ńkọ́? Ẹ dákun, ẹ lọ wọ̀n ọ́n fún ìyá yín, fún bàbá yín, fún ara yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì tí kò mọ̀ pé ó ń ṣe òun. Kì í ké, kì í gbé báàgì, kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo ti ra ẹ̀rọ rẹ̀ sílé. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Màmá a na apá òsì sí mi, torí ọ̀tún kò tíì padà bọ̀ sípò, wọn a sì ní, "Èló ni?" bí ẹni ń ná ọjà.

Ọmọ ilé búrẹ́dì yẹn di oníbàárà mi. Ó kọ́kọ́ gbé ṣòkòtò méjì wá fún mi láti dín, kò sì yé wá mọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ran aṣọ rẹ̀ tí mi ò lè wo ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní kó jókòó. Mo sọ fún un pé èmi ni. Ó ní, "Mo mọ̀, Àǹtí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ṣòkòtò wá ni mo ti dá ohùn yín mọ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá nawọ́ sí búrẹ́dì tó gbé wá, ó ní èyí tí kò níyọ̀ púpọ̀ ni, ti Màmá ni.